Mọ́tò àlòkù tí ìbàdí ò ní dun màmá mi nínú ẹ̀: owó ọwọ́ mi ò pọ̀ o

Tísà Apẹ̀tẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tísà ni mí, Apẹ̀tẹ́ ni mò ń gbé ní Ìbàdàn. Màmá mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, làkúrègbé sì ń yọ wọ́n lẹ́nu ní orúnkún àti ìbàdí. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo máa ń lọ mú wọn wá rí dókítà ní UCH, ọkọ̀ èrò la sì máa ń wọ̀. Lóṣù tó kọjá, àárín èèyàn méjì ni màmá há sí lẹ́yìn. Nígbà tá a fi máa dé Ọ̀jọ́ọ̀, ẹsẹ̀ wọn ti kú, èmi àti dẹ́rẹ́bà la jọ gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé mọ́tò ni màá rà.

Owó tí mo rí yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, pẹ̀lú èyí tí mo ti ń tọ́jú, jẹ́ 3,800,000 náírà. Mi ò wá fàájì. Kára tu màmá nínú ẹ̀, kí n sì lè máa ra epo sí i, ó tán. Ẹnì kan ní kí n ra Camry Big Daddy, ẹlòmíì ní Corolla, àbúrò ìyàwó mi ní Honda ni. Orí mi ti dàrú. Ẹ bá mi dá sí i.

Dẹ́rẹ́bà Ọ̀jọ́ọ̀:
Tísà, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Kábúkábú ni mò ń ṣe, Camry 2004, Big Daddy yẹn náà, ni mo fi ń ṣe é, ọdún kẹfà rèé. Tó bá jẹ́ ti ìrọ̀rùn nìkan ni, ẹ rà á, ẹ má wulẹ̀ béèrè mọ́. Àyè ẹsẹ̀ wà lẹ́yìn, àga ẹ̀ fẹ̀, ó sì máa ń gun gálọ́ọ̀pù bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì 2.4 ni. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, èmi fúnra mi ni mo máa ń bẹ èrò pé kí wọ́n jẹ́ ká wa gíláàsì sílẹ̀, ká pa éésì. Ẹ̀yin ń ro ti Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ lẹ ó máa gbé e lọ síléèwé. Epo ojoojúmọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣírò.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Àwọn Camry 2.4 ti 2002 sí 2006 yẹn, àwọn bóòtù tó de orí ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí ẹ̀ máa ń tú lápá ẹ̀yìn, níbi tójú ò tó. Omi á máa lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná. Tèmi ṣe é lọ́dún kẹta tí mo rà á. Camry yòówù tó bá ń mu omi, tí wọ́n wá ń sọ fún yín pé rédíétọ̀ ló jò, ẹ rọra.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kẹ́ ẹ gbọ́. Ọkùnrin tó ta mọ́tò fún mi lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ní ìyàwó òun ló ń lò ó, pé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń gbé e lọ. Àwọn obìnrin tó ń gbé mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ní Nàìjíríà yìí mà pọ̀ o! Mo tan éésì, atẹ́gùn gbígbóná ló ń tú jáde. Ó ní, “Gáàsì ló tán, màmá, ẹgbẹ̀rún mélòó ni gáàsì?” Mo gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rọ gáàsì láàárín oṣù méjì, gbogbo ẹ̀ ló ń sá lọ. Nígbà tí wọ́n tú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, páàtì tó ń mú atẹ́gùn tutù nínú lọ́hùn-ún ti jẹrà, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ náà ti kú. Owó tó bá a lọ ì bá ra táyà tuntun mẹ́rin.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé éésì kì í bàjẹ́ nílẹ̀ wa, gáàsì ẹ̀ ló máa ń tán. Éésì tí kò bá tutù lójú yín, ẹ kà á sí pé kò sí éésì nínú mọ́tò yẹn, kẹ́ ẹ sì yọ owó ẹ̀ kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa san. Ooru kì í ṣe nǹkan tí àgbàlagbà lè máa bá yí nínú gò-sílóò.

Àgbà Mẹkáníìkì Géètì:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún mọ́tò ṣe ní Agodi Gate, ẹ̀gbẹ́ ọjà Aráròmí tí wọ́n ti ń ta páàtì. Àbúrò mi Tísà, orúkọ mọ́tò kọ́ ló ń tu èèyàn lára. Corolla tí ẹsẹ̀ ẹ̀ pé sàn ju Benz tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kú. Ohun tó ń fọ́ èèyàn lẹ́yìn nínú àlòkù ò ju ṣọ́ọ̀kì, rọ́bà búṣì, síìtì ẹ́ńjìnnì (rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé) àti táyà lọ, gbogbo ẹ̀ ló sì wà ní Aráròmí tí ọmọ aráyé ń rà. Ẹ́ńjìnnì àti jíábọ́ọ̀sì ni nǹkan tó ń jẹ owó. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì àti jíábọ́ọ̀sì ni kó o rà. Ìrọ̀rùn, a máa fi owó tó kù ṣe é. Má ná gbogbo 3.8 yẹn sórí mọ́tò. Má kọjá 3.2. Tó o bá ná an tán, mọ́tò tó o rà máa dúró síwájú ilé títí oṣù á fi parí.

Tó o bá fẹ́ lọ wo mọ́tò, sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tíì tan án kó o tó dé. Bó o bá dé, kí ẹ tó máa kíra yín, gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ti tan án dè ọ́, ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ́ńjìnnì tó tutù ló máa ń jẹ́wọ́. Ìgbà tó bá tutù bẹ́ẹ̀ náà ni kó o ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Tó o bá rí nǹkan tó ki, tó funfun bí ògì lábẹ́ ìdérí yẹn, omi ti ń wọ inú ọ́ìlì, máa lọ sílé ẹ. Yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná á ti tàn, má tíì sítáàtì. Gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù ló gbọ́dọ̀ tàn, títí kan èyí tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì. Tó o bá wá sítáàtì, kí wọ́n kú. Tí iná ẹ́ńjìnnì yẹn ò bá tàn rárá láti ìbẹ̀rẹ̀, má dúpẹ́ o. Ẹnì kan ti yọ gílóòbù ẹ̀, tàbí ó ti fi nǹkan lẹ̀ ẹ́ lójú. Mo ti tú dáṣíbọ́ọ̀dù tí mo bá téèpù dúdú tí wọ́n gé kékeré, wọ́n fi bo iná yẹn dáadáa.

Ní kí ẹlòmíì dúró sẹ́yìn wo sàlẹ́ńsà nígbà tó o bá fínná mọ́ ọn. Èéfín tó ní àwọ̀ aró díẹ̀, ọ́ìlì ló ń jó. Èyí tó funfun, tó ń bá a lọ tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi ni.

Jíà wàyí. Tẹ bíréèkì, fi sí R (ẹ̀yìn), tún fà á sí D (iwájú). Tó bá dúró bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó mú, jíábọ́ọ̀sì ti ń darúgbó, fi sílẹ̀ fún wọn. Tó bá mú lójú ẹsẹ̀, àmọ́ tó ta gbìì, ó lè jẹ́ síìtì. Jẹ́ kó wà ní D, má tú bíréèkì sílẹ̀, tan éésì. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe, tó sì dákẹ́ nígbà tó o fi sí N, síìtì ẹ́ńjìnnì ni, kò wọ́n, ó sì wà lára ohun tó o máa fi ná án sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀kì ńkọ́? Fi ọwọ́ méjèèjì àti ìwọ̀n ara ẹ tẹ igun kan mọ́tò mọ́lẹ̀, kó o sì yọwọ́ lójijì. Tó bá gòkè tó sì dúró, ó pé. Tó bá ń jó bí ẹni gbọ́ bàtá, sókè sódò nígbà mẹ́ta, ó ti kú. Ṣe é yí ká. Kó o tún bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn táyà, ṣọ́ọ̀kì tí òróró ti bò mọ́lẹ̀ ti jò.

Táyà ni mo fi kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀, nítorí òun ni ẹnikẹ́ni kì í kà sí. Fọkanáísà wa, atẹ́gùn 45 ni ó ń fún gbogbo mọ́tò jẹ, àtọmọdé àtàgbà. Táyà á le bí òkúta. Ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, wo òpó ibẹ̀, ìwé pélébé kan wà níbẹ̀ tó sọ iye atẹ́gùn tó yẹ. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, 30 sí 35 ni. Èèyàn wá sọ́dọ̀ mi rí pé kí n pààrọ̀ gbogbo ṣọ́ọ̀kì. Mo wọn atẹ́gùn, 48. Mo dá a padà sí 32, mo ní kó máa lọ. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ọmọ tó ń fi ríìmù 18 sí Corolla pẹ̀lú táyà tín-ín-rín, ẹ má rà á lọ́wọ́ wọn àyàfi tí wọ́n bá fún yín ní ríìmù 15 tó bá a wá. Nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àkọlé DOT lára táyà ni ọjọ́ orí ẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Bàbá 504:
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò mọ mọ́tò tó ń tuni lára. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, ẹ̀yin ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá yín. Mo gbé e wọ oko Ìlọrà gba ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ò fẹ́ gbà, ẹyin tó wà ní búùtù ò fọ́. Tísà, wá 406, àbúrò ẹ̀ ni. Ó rọ̀ bíi tìmùtìmù, owó ẹ̀ ò sì tó ti Toyota.

Àgbà Mẹkáníìkì Géètì:
Bàbá, ẹ ò parọ́, ẹsẹ̀ 406 rọ̀ dáadáa, owó ẹ̀ sì kéré. Àmọ́ ìdí tí owó ẹ̀ fi kéré náà nìyẹn: ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ti ń dín kù, páàtì ẹ̀ kì í sì wà ní gbogbo ìsọ̀. Tó bá dákẹ́ mọ́ Tísà àti ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló máa ràn án lọ́wọ́? Toyota, mẹkáníìkì abẹ́ igi mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì Adó:
Ẹ kúuṣẹ́ o. Gbogbo yín ń sọ ẹ̀yìn àti ìbàdí, Tísà kọ́kọ́ kọ orúnkún. Kò sẹ́ni tó béèrè bí màmá ṣe máa wọlé, bẹ́ẹ̀ wíwọlé àti jíjáde ló máa ń dá àwọn aláìsàn mi lóró ju ìrìn àjò fúnra ẹ̀ lọ. Àga Camry sún mọ́lẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn máa ṣubú lé e ni, tó bá sì fẹ́ dìde, ẹ ó fà á yọ bí ẹni ń fa iṣu.

Ẹ mú tépù aṣọ lọ sílé, ẹ wọn gíga àga tí màmá máa ń jókòó sí tí wọ́n sì ń dá dìde fúnra wọn. Iye yẹn ni kẹ́ ẹ gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò. Ẹ wọn ìjókòó ẹ̀yìn láti ilẹ̀. Àwọn mọ́tò tí òrùlé wọn ga díẹ̀, bíi Toyota Matrix, èèyàn máa ń fi ìdí sún wọlé ni, kì í ṣubú sínú ẹ̀. Bákan náà ni Sienna, àmọ́ ìyẹn ń mu epo.

Ẹ máa tẹ́ ọ̀rá ńlá kan, irú èyí tí wọ́n fi ń di aṣọ tuntun, sórí àga kí màmá tó jókòó. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìdí jókòó, ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì wà níta, kí wọ́n wá yí ara wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rá yẹn á jẹ́ kó yọ̀. Tí wọ́n bá ti jókòó dáadáa, ẹ fa ọ̀rá yọ kẹ́ ẹ tó gbéra. Táwẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ ká sí ẹ̀yìn ìbàdí wọn, ó tó. Kẹ́ ẹ sì máa dúró lọ́nà kí wọ́n na ẹsẹ̀, ẹ má sáré.

Dẹ́rẹ́bà Ọ̀jọ́ọ̀:
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé àwọn ìyá àgbà, mi ò ro ti ọ̀rá yẹn rí.

Ọmọ Ìbàdàn ní Houston:
Níwọ̀n bí Matrix ti jẹyọ, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ìkejì ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: Pontiac Vibe. Ìbejì ni wọ́n. Toyota àti General Motors ló jọ ṣe é, ilé iṣẹ́ wọn kan ní California ni Vibe ti jáde, Matrix sì jáde ní Kánádà. Ẹ́ńjìnnì 1.8 kan náà tó wà nínú Corolla ìgbà yẹn ló wà nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì, ṣéènì ló ń lò nínú ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe bẹ́líìtì tí ẹ ó máa pààrọ̀. Àwọn èèyàn kì í fẹ́ ra Pontiac nítorí orúkọ, owó ẹ̀ sì máa ń wá sílẹ̀. Àwọn páàtì ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀, ti Matrix lẹ ó máa rà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé Vibe ni lóòótọ́, nọ́ńbà ṣáásí ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5Y2. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún yẹn, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 4 ni 2004, 5 ni 2005. Kò sẹ́ni tó máa pe 2003 ní 2006 fún yín mọ́.

Mo ní láti kìlọ̀ nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, Vibe, Matrix àti Corolla ti 2003 sí 2007 wà lára àwọn tí ilé iṣẹ́ pè padà láti tún ṣe nítorí àpò afẹ́fẹ́ (airbag) tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe. Ooru àti ọ̀rinrin ló máa ń ba ẹ̀tù inú ẹ̀ jẹ́ bọ́dún ti ń gorí ọdún, tó bá wá bẹ́, á máa fọ́n àfọ́kù irin sí ẹni tó jókòó síwájú. Ẹ̀yin ẹ wo ojú ọjọ́ wa. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáásí wá a lórí ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó ti Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni. Ní ti màmá, ẹ̀yìn ni kí wọ́n máa jókòó sí.

Ìkejì, omi. Nígbà ìjì Harvey ní August 2017, mo fi ojú ara mi rí àwọn mọ́tò ní àdúgbò wa níbí tí omi bò dé fèrèsé. Lẹ́yìn náà, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n ń tà wọ́n. Ẹ fa bẹ́líìtì àga jáde títí ó fi parí pátápátá. Inú ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí afọmọ́tò máa ń rántí. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà ẹrẹ̀ tàbí àwọ̀ tíì tó gba àárín bẹ́líìtì kọjá, mọ́tò yẹn ti mu omi rí. Ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì ibi tí táyà àpamọ́ wà náà wò.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà:
Ẹ má gbàgbé ìwé o. Èyí tí mo rà, ìwé ẹ̀ náà kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.

Dẹ́rẹ́bà Ọ̀jọ́ọ̀:
Ìwé ò nira tí èèyàn ò bá kánjú. Nọ́ńbà ṣáásí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, kó bá ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti ti láísẹ́ǹsì mu, lẹ́tà kan ò gbọdọ̀ yàtọ̀. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé ni kẹ́ ẹ sanwó fún, sínú báǹkì ẹ̀, kì í ṣe fún alágbàtà. Ẹ yí i sí orúkọ yín lọ́sẹ̀ náà gan-an. Owó adójútòfò ẹnikẹta (third party insurance) ti di 15,000 náírà láti 2023, ẹni tó bá ní òun á bá yín ṣe é ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ìwé lásán ló fẹ́ tà fún yín.

Tísà Apẹ̀tẹ́:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo ti ń wá a. Matrix méjì ni mo kọ́kọ́ wò. Èkíní, bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná, mo kí wọn ó dàbọ̀. Ìkejì, ẹni tó ń tà á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo nígbà tí mo ní kó jẹ́ kí n fa bẹ́líìtì, mo tún lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tísà wa ló wá sọ pé ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Bódìjà fẹ́ ta Vibe. 2005 ni, 5 wà ní ipò ìkẹwàá. Ó ti wà lójú kan fún oṣù mẹ́ta, èèyàn ò béèrè ẹ̀. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù pé. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì jó bàtá. Sítíárìn ń gbọ̀n ní D. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí ọ̀gá náà létí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 3,150,000. Ìyàwó mi ní kí n má tíì yọ̀, títí a fi yí ìwé sí orúkọ mi.

Ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, síìtì ẹ́ńjìnnì méjì, búṣì iwájú àti táyà méjì, gbogbo ẹ̀ ò kọjá owó tí mo yọ sọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n Géètì ló bá mi rà wọ́n ní Aráròmí, Ọlọ́run á san án fún yín. Atẹ́gùn táyà wà ní 32, èmi ni mo dúró ti fọkanáísà.

A gbé màmá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀rá yẹn ṣiṣẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n fi yí wọlé, wọ́n ní àwọn ti di ẹja inú bàsíà. Kí a tó dé Ọ̀yọ́, mo gbójú sí dígí, wọ́n ti sùn, ẹnu là sílẹ̀, wọ́n ń hanrun. Ní UCH, wọ́n fọwọ́ di òpó ilẹ̀kùn mú, wọ́n sì dá sọ̀ kalẹ̀.

Nǹkan kan ló kù tó ń dà mí láàmú. Éésì ń tutù dáadáa tí a bá ń sáré, àmọ́ tá a bá dúró nínú gò-sílóò ní Mọ́kọ́lá, atẹ́gùn gbígbóná ló máa ń fẹ́. Oníṣẹ́ éésì kan ní gáàsì ni.

Àgbà Mẹkáníìkì Géètì:
Àbúrò mi, má fún un ní kọ́bọ̀. Fáànù rédíétọ̀ ni kò yí. Tó o bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń bá a ṣiṣẹ́ ẹ̀. Gbé e wá láàárọ̀ Mọ́ńdè, kó o tó lọ síléèwé.